Omi Tó Yẹ Kó Dákẹ́

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹfà

Òjò rọ̀ láti ìdájí títí mo fi dé ibi iṣẹ́. Bàtà mi kún fún omi. Páálí ìbọ̀wọ́ ti di ìlọ́po méjì iye tá a rà á lóṣù tó kọjá, Ọ̀gá sì ní ká máa ṣún un lò. Mo bi í bóyá ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni ká máa wọ̀ ọ́ sí. Kò rẹ́rìn-ín.

Dókítà àwọn ọmọdé fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá sí láàbù. Bí ẹ bá rí i tí obìnrin yẹn wá fúnra ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti burú nìyẹn. Ọmọ mẹ́fà ló ń ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ ní wọ́ọ̀dù ẹ̀.

Ó ní, “Ẹ gbà mí. Tó bá jẹ́ ìgbẹ́ ọ̀rìn lásán ni, màá fún wọn lóògùn lónìí, wọn á dìde. Àmọ́ tí kòkòrò yìí bá jẹ́ èyí tó ní oró nínú, tí mo wá fún wọn lóògùn, ṣe ló máa bẹ́ sínú wọn tí á tú gbogbo oró ẹ̀ dà sílẹ̀. Kíndìnrín ni oró yẹn máa ń wá lọ. Ojú lásán ò lè fi ìyàtọ̀ hàn mí.”

Ọ̀gá ní kó fún wa lọ́jọ́ méjì. Ó ní òun ò ní ọjọ́ méjì.

Èmi ni mo to àwọn ìgò kéékèèké náà: ti àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àti ìgò omi lásán níkẹyìn. Ṣọ́ra-Ṣe, ọmọkùnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ló po oògùn àyẹ̀wò tá a máa ń lò, tòun ti ìdẹ tá a fi ń pe jíìnì oró náà jáde, ìyẹn àmì inú kòkòrò tó ń ṣe oró. Oríṣi oró méjì la ń wá. Ẹ̀kejì, tó máa ń ba kíndìnrín jẹ́ jù, ni mò ń gbàdúrà pé ká má rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Gbogbo ẹ̀ tàn. Ti àwọn ọmọ tàn, ti omi náà tàn.

Mo gbé jẹ́ẹ̀lì tá a kán gbogbo wọn sí lé orí iná aláwọ̀ búlúù, mo tẹjú mọ́ ọn títí ojú fi ń ta mí. Ìlà kọ̀ọ̀kan mọ́ roro níbi tí oró kejì máa ń dúró sí. Mo wo ibi tá a kán omi lásán sí, níbi tó yẹ kó dákẹ́, ìlà wà níbẹ̀ náà. Omi yẹn la fi ń dán ara wa wò. Bó bá dákẹ́, a lè gba ohun tí ìyókù bá sọ gbọ́. Bó bá ti lanu sọ̀rọ̀ pẹ́nrẹ́n, gbogbo wọn ti di elẹ́rìí èké, kò sì sẹ́ni tó máa gbé èsì yẹn fún dókítà.

Mo pe Ọ̀gá.

Ọ̀gá wò ó, ó yọ gíláàsì ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó ní, “Ọwọ́ wa ni. Ẹnì kan ti fi aṣọ gbé e wọlé. Ẹ da gbogbo ẹ̀ nù.”

Ọjọ́rú, 8

Ọ̀gá kó wa jọ bí olùkọ́ tí wọ́n jí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀. Ó ní, “Ta ló padà sẹ́yìn?”

Òfin yìí ti lé ní ọdún mẹ́wàá ní láàbù wa: ẹni tó bá ti wọ yàrá kẹta, níbi tí ẹ̀rọ ti ń sọ jíìnì ẹyọ kan di ọ̀kẹ́ àìmọye, kò gbọ́dọ̀ padà sí yàrá kìíní tá a ti ń po oògùn títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, èérún tó bá lẹ̀ mọ́ ọn láṣọ á ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́.

Èmi ni mo to àwọn ìgò náà. Ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ nàka sí? Mo bá sọ ohun tí mo rí. Mo ní Ṣọ́ra-Ṣe ti yàrá kẹta jáde, ó padà lọ mú báírò ẹ̀ ní yàrá kìíní. Òótọ́ ni, mo rí i. Àmọ́ ẹ̀rù ló jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ọmọkùnrin tó jẹ́ pé òun ló ń pariwo “ẹ ṣọ́ra ṣe o, ẹ ṣọ́ra ṣe” sí gbogbo wa létí! Ojú ẹ̀ ṣú. Ó ní, “Ọ̀gá, mo padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi yẹn—”

Ọ̀gá ní, “Mi ò fẹ́ àwáwí.”

Ó ní kó lọ ra bílíìṣì.

Ọjọ́bọ̀, 9

À ń fọ ilé. Bílíìṣì ń ta mí lójú, ó ń ta mí lọ́fun. A da gbogbo omi nù, a da gbogbo oògùn tá a ti ṣí nù. Ọ̀gá lọ ra omi abẹ́rẹ́ tí wọ́n dì pa láti ilé ìtajà oògùn, ó ní òun ò fọkàn tán ohunkóhun tó ti wà nínú yàrá yẹn. Ṣọ́ra-Ṣe ò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń nu tábìlì ní tiẹ̀, èmi náà ń nu ògiri ní tèmi.

Obìnrin tó máa ń bá mi mójú tó Lọ́yà ọmọ mi lẹ́yìn ilé ìwé ti rìnrìn àjò, ni mo bá ní kí ọmọ máa wá sọ́dọ̀ mi. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn pẹ̀lú báàgì ẹ̀, ó ń bá mi rojọ́ láti ojú fèrèsé. Ó ní kí ló dé tóun ò lè wọlé. Mo ní nítorí kòkòrò ni. Ó ní, “Ṣé kòkòrò yẹn mọ̀ pé ẹ̀yin ti dàgbà ni, tí kò fi ń mú yín?” Ọmọ ọdún mẹ́fà! Bàbá ẹ̀ ló sọ ọ́ ní Lọ́yà, orúkọ náà sì ro ó.

Òùngbẹ gbẹ ẹ́. Mo ní kó lọ bu omi mu níbi ẹ̀rọ omi ẹ̀yìn. Ó padà wá, ó ní omi yẹn tutù ju ti ilé lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Dókítà pè. Ọmọ télọ̀, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà, ń gbóná bí iná, ó ń sọ ìsọkúsọ. Ó ní òun ò lè máa wo ọmọ báyìí kóun má ṣe nǹkan kan. Ó ti fún un lóògùn.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún àwọn tó kù títí di ọ̀la.”

Ó ní, “Ẹ ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ Ajé.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

A tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Omi dákẹ́. Mo wo ibẹ̀ títí, kò sí nǹkan kan, ó dúdú bí inú ìkòkò. Inú Ọ̀gá dùn, ó ní, “Ẹ rí i? Mo ní ọwọ́ wa ni.”

Ti àwọn ọmọ ò dákẹ́ ní tiwọn. Oró kejì ló wà lára gbogbo wọn. Ọmọ télọ̀ náà wà níbẹ̀.

Èmi ni mo pe Dókítà. Mo ń gbọ́ ẹkún ọmọ kan lẹ́yìn ẹ̀. Ó wá ní, “Ẹ ṣé,” ó pa fóònù.

Ọjọ́ Ajé, 13

Ọmọ télọ̀ kú ní àárọ̀ yìí.

Mo rí bàbá ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Kò sunkún. Ó bi mí bóyá mo mọ ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé tí wọ́n á fi gbé ọmọ jáde, mo júwe ibẹ̀ fún un, mo lọ tilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ra mi.

Gbogbo ọjọ́ tá a fi ń fọ ògiri ni mò ń kà lọ́kàn. Mo bínú sí Ṣọ́ra-Ṣe tó bẹ́ẹ̀ tí n ò lè wo ojú ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Òjò, òjò, òjò. Ọkọ mi pè láti ojú ọ̀nà, ó ní ọkọ̀ àjàgbé wọn ti há síbi tí afárá ti wó, kò sì mọ ọjọ́ tí wọ́n máa ráyè kọjá. Ó ní, “Ìyá Lọ́yà, ohùn ẹ ò dùn mọ́ mi.” Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀.

Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọ kan wà ní wọ́ọ̀dù tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló kán. Ó ti pẹ́ níbẹ̀, wọ́n so ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ irin, kò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, oúnjẹ ilé ni ìyá ẹ̀ ń gbé wá fún un. Láti àná ló ti ń ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Níbo ló ti rí i?

Ọjọ́rú, 15

Lọ́yà ní inú ń run òun. Kò jẹun àárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ó pè mí láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ní, “Màámi, ẹ wá wò ó, ó pupa.”

Mo wò ó.

Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ ohun tí mò ń rò. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n, èmi tí mo ń fi ọwọ́ ara mi wá a lójoojúmọ́.

Ọjọ́bọ̀, 16

Wọ́n ti gbà á sí wọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ kíkán.

N kò lè fi ọwọ́ mi ṣe àyẹ̀wò ẹ̀. Mo da ìgò kan nù. Ṣọ́ra-Ṣe gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Ó sáré ṣe é, kò lọ jẹun ọ̀sán. Ó jáde wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rí ojú ẹ̀, mo sì ti mọ̀.

Ó ní, “Oró kejì ni, Àǹtí. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.”

Dókítà ní a ò gbọ́dọ̀ fún un lóògùn kankan. Ká máa fún un lómi, ká máa wo ìtọ̀ ẹ̀. Kò sí ohun míì. Mo ti máa ń kọ èsì yẹn ránṣẹ́ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ, n kò mọ bó ṣe máa ń rí lọ́wọ́ ẹni tó gbà á.

Ọjọ́ Ẹtì, 17

Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún Lọ́yà ní àárọ̀ yìí. Ó ṣí ẹ̀rọ omi inú wọ́ọ̀dù, ó bu omi kún jọ́ọ̀gì. Mo bi í pé ṣé wọn kì í sè é ni. Ó ní gáàsì ti tán láti ìparí oṣù tó kọjá, àti pé omi ilé ìwòsàn ni, ó mọ́. Mo wo jọ́ọ̀gì náà. Mo ronú kan ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ kíkán tí kò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ronú kan “omi yẹn tutù ju ti ilé lọ.” Mo tún ronú kan ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá gé mọ́ Ṣọ́ra-Ṣe lẹ́nu: “omi yẹn—”

Mo gba jọ́ọ̀gì náà, mo dà á nù. Mo sáré dé láàbù.

“Ṣọ́ra-Ṣe, omi wo lo rọ sínú ìgò ńlá tá a ti ń bu omi lásán lọ́sẹ̀ yẹn, èyí tó sọ̀rọ̀?”

Kò gbójú sókè. Ó ní, “Omi ẹ̀rọ ẹ̀yìn ni. Ẹ̀rọ tá a fi ń sẹ́ omi ti jóná lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣíwájú ẹ̀. Mo fi bébà sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé e sórí tábìlì títí di ọjọ́ Ajé. Mo mọ̀ pé kò dára tó. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn.”

“Kí ló dé tó ò sọ ọ́ láti ọjọ́ yẹn?”

Ó wá wò mí. “Àǹtí, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Wọ́n ní agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. Tèmi yìí, ẹ ò tiẹ̀ gbẹ́jọ́ ẹnì kankan. Ẹ dá a, ẹ sì ní kí n lọ ra bílíìṣì. Èmi náà wá gbà pé báírò yẹn ni.”

Mo kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́, èmi tí mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ó fà mí dìde, ó ní, “Ẹ dìde jàre, ilẹ̀ yẹn ò mọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ bu omi.”

A bu omi níbi ẹ̀rọ ẹ̀yìn, ti wọ́ọ̀dù, àti ti ilé ìdáná. A to wọ́n pẹ̀lú omi abẹ́rẹ́ níkẹyìn. Omi abẹ́rẹ́ dákẹ́. Àwọn mẹ́ta tó kù tàn, oró kejì, ìlà kan náà pẹ̀lú ti ọmọ mi.

Òótọ́ ni omi yẹn ń sọ fún wa láti ọjọ́ kìíní. A pè é ní irọ́, a fi bílíìṣì nu ẹnu ẹ̀. Ẹ̀sùn mi ló pa á lẹ́nu mọ́. Ọjọ́ kejì tí mo nàka sí Ṣọ́ra-Ṣe ni mo fi ìka kan náà júwe ẹ̀rọ omi fún ọmọ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18

Ọ̀gá gbé èsì lọ bá ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kó jẹ́ kí láàbù míì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ìlú má baà dàrú. Ó dá wọn lóhùn pé ó dáa. Ó jáde, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ, ó ti fáàfù táǹkì abẹ́ ilẹ̀ tó ń fún gbogbo ẹ̀rọ lómi pa, ó yọ ọwọ́ irin ẹ̀, ó jù ú sápò ṣòkòtò. Ó sì padà wá sídìí iṣẹ́, ó ń rìn gba ẹ̀gbẹ́ kan nítorí irin náà wúwo.

Ó pe Ṣọ́ra-Ṣe. Ó ní, “Mo ṣẹ̀ ọ́.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ n kò gbọ́ irú ẹ̀ rí lẹ́nu ọkùnrin yẹn.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn kan gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Ògiri táǹkì ti sán ní ẹ̀gbẹ́ kòtò ìgbẹ́. Òjò ló parí iṣẹ́ náà.

Ọjọ́ Àìkú, 19

Omi inú ọ̀rá ti wọ́n nítòsí ilé ìwòsàn. Àwọn olùtajà ti gbọ́. Mo rà á bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21

Ẹ̀jẹ̀ ti dáwọ́ dúró nínú ìgbẹ́ Lọ́yà. Inú mi fẹ́ máa dùn, ni mo bá rí ojú Dókítà. Ojú ọmọ mi ti wú. Ìtọ̀ díẹ̀ ló tọ̀ lánàá, ó dúdú bí ẹlẹ́rìndòdò. Ara ẹ̀ funfun bí ẹni fi ìyẹ̀fun nù ún.

Kò bá mi rojọ́ mọ́. Mo ní kó mu omi, ó mu ún. Mo ní kó yíjú sódì, ó yíjú sódì. Ì bá kúkú bá mi jiyàn.

Ọjọ́bọ̀, 23

Kò tọ̀ lánàá. Kò tọ̀ lónìí.

Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ti dákẹ́ wà ní ìlú tó wà lódìkejì afárá tó wó. Ọkọ mi sì wà lẹ́bàá afárá náà láti ọjọ́ yìí, ó ń wo odò. Ó ní òun á fi ọrùn gbé e kọjá tá a bá lè gbé e dé ọ̀dọ̀ òun. Mo mọ̀ pé á gbìyànjú ẹ̀, ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù nìyẹn.

Dókítà mú mi jókòó. Kò parọ́ fún mi. Ó ní, “Tí kò bá tọ̀ títí di àárọ̀ ọ̀tunla, a ó gbé e lọ, odò ì báà kún. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti ń burú.” Ó di ọwọ́ mi mú. Mo rántí pé òun náà ti gbé ọmọ télọ̀ sọ́kàn láti ọjọ́ yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 24

Kò tọ̀.

Ṣọ́ra-Ṣe wá jókòó tì mí. Ó mú ọsàn wá, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Mo bi í bóyá ó rò pé Ọlọ́run ń bá mi ṣẹjọ́. Ó ní, “Àǹtí, kòkòrò ni. Kò mọ ọmọ ta ni.” Ó ní òun náà mu omi yẹn, gbogbo wa la mu ún, ó kàn jẹ́ pé ikùn àgbàlagbà lágbára ju tọmọdé lọ ni. Lọ́jọ́ wo ni Lọ́yà bi mí bóyá kòkòrò mọ̀ pé a ti dàgbà, tí mo fi rẹ́rìn-ín?

Mo ti di ẹrù. Aṣọ ẹ̀ méjì, aṣọ òjò, omi ọ̀rá. Ẹ̀rù odò ń bà mí, ẹ̀rù ọ̀nà ń bà mí, ẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹ̀ ló ń bà mí jù lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀. Ọkọ̀ ti dé, awakọ̀ ti ń tẹ fèrè níta. Mo gbé e lé itan mi láti wọ aṣọ òjò fún un, ẹsẹ̀ ẹ̀ wú débi pé bàtà ò wọ̀ ọ́. Mo ní kí n di àpò tó kù, ni mo bá rí i pé itan mi gbóná.

N kò kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́. Mo fọwọ́ kan ìró mi. Ó rin gbingbin, ó sì ń rin sí i, ó ń kán sílẹ̀.

Mo ké. Nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ó rò pé ọmọ ti kú. Dókítà tẹ̀ lé e láìwọ bàtà, ó wo ilẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú ẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé abọ́ wá, kí wọ́n gbé abọ́ wá kíá. Awakọ̀ ṣì ń tẹ fèrè ẹ̀.

Lọ́yà la ojú. Ó wo ìró mi, ó wo gbogbo wa, ẹ̀rù bà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, ohùn ẹ̀ tín-ín-rín, ó ní, “Màámi, ẹ má bínú, n kò mọ̀ọ́mọ̀, kì í ṣe èmi, ṣe ló kàn jáde. N kò ní í tọ̀ sára mọ́.”

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó tún tọ̀.